Ìbọn ráífù fún ìdíje àti ìgbafẹ́: Ọta tí kò ní í gbọ́n àpò yín gbẹ

Ẹni tó bá ń gbé nílẹ̀ Amẹ́ríkà, tí àwọn aládùúgbò rẹ̀ máa ń gbé ìbọn lọ sí pápá lọ́jọ́ Sátidé bí àwọn mìíràn ṣe ń gbé bọ́ọ̀lù, kì í pẹ́ tí òun náà fi máa ń béèrè pé èló ni wọ́n ń ta ìbọn ráífù. Ìbéèrè náà dára, ṣùgbọ́n kì í ṣe òun ló yẹ kó ṣáájú. Ohun tó yẹ kéèyàn kọ́kọ́ béèrè ni iye tí wọ́n ń ta ọta tí ìbọn náà ń jẹ. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo la ó san owó ìbọn, ṣùgbọ́n owó ọta kò lópin níwọ̀n ìgbà tí a bá ṣì ń yìn ín. Ẹni tó ra ẹṣin ló mọ iye tí koríko ń jẹ lápò òun.

Ẹ jẹ́ ká ṣe ìṣirò rẹ̀. Ẹni tó bá fẹ́ kí ọwọ́ òun dá ṣáṣá nídìí yínyin ìbọn sí àmì yóò máa yin tó 100 ọta lọ́sẹ̀. Bó bá fi ọ̀sẹ̀ méjì sinmi, 5,000 ọta ni yóò yìn lọ́dún kan. Ní àwọn ọdún tó ṣẹ̀ṣẹ̀ kọjá yìí, ọta tí wọ́n ń pè ní .22 Long Rifle kì í sábà ju nǹkan bíi sẹ́ǹtì 8 lọ fún ẹyọ kan, bí èèyàn bá rà á lọ́pọ̀. Èyí já sí 400 dọ́là lọ́dún. Ọta .223 Remington tó wà ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 50 yóò gba 2,500 dọ́là. Ọta .308 Winchester, tí a bá ṣírò rẹ̀ ní dọ́là kan, yóò kó 5,000 dọ́là lọ. Bó bá sì jẹ́ ọta 6.5 Creedmoor tí wọ́n ṣe fún ìdíje lẹ fẹ́, èyí tó lè tó dọ́là kan àtààbọ̀, ẹ máa wá 7,500 dọ́là. Iye yìí máa ń lọ sókè, ó sì máa ń wá sílẹ̀, kò sì dọ́gba láti ìsọ̀ kan sí èkejì, ṣùgbọ́n bí wọ́n ṣe wọ́n ju ara wọn lọ yìí kò yí padà láti ọjọ́ pípẹ́. Owó tí ẹnì kan fi yin .308 fún ọdún kan, ẹlòmíràn lè fi yin .22 fún ọdún méjìlá, kó sì tún ṣẹ́ ṣẹ́ńjì kù.

Àwọn tó ń ta ìbọn kì í sábà ṣe ìṣirò yìí fún oníbàárà. Èyí tó gùn gbọọrọ, tó dúdú kirimú lára ògiri ìsọ̀, ni ojú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀ máa ń kọ́kọ́ lọ sí. Yóò rà á, yóò yìn ín lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, èjìká yóò máa dùn ún, yóò rí ohun tó ná, ìbọn náà yóò sì di ohun ọ̀ṣọ́ inú àpótí. Nítorí èyí ni a ṣe kó àlàyé yìí jọ fún ẹ̀yin òǹkàwé wa tí ẹ wà lókè òkun, àti ẹ̀yin tí ẹ ní ẹbí níbẹ̀.

Kí ni wọ́n ń pè ní kálíbà?

Kálíbà ni bí ihò inú ọ̀pá ìbọn ṣe fẹ̀ tó. Àwọn ará Amẹ́ríkà a máa fi ínṣì wọ̀n ọ́n, àwọn ará Yúróòpù a sì máa fi mìlímítà wọ̀n ọ́n. Bí wọ́n bá ní .22, ohun tí wọ́n ń sọ ni ìpín 22 nínú 100 ínṣì kan, èyí tó jẹ́ nǹkan bíi mìlímítà 5.6. Ṣùgbọ́n nọ́ńbà yìí nìkan kò tó láti fi mọ ọta. Ihò .22 Long Rifle àti ti .223 Remington fẹ́rẹ̀ẹ́ dọ́gba, síbẹ̀ ẹ̀tù tó wà nínú .223 ju ti .22 lọ ní ìlọ́po mẹ́wàá àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Wọn kì í ṣe ẹgbẹ́ ara wọn rárá. Orúkọ ọta náà ní kíkún ló yẹ kéèyàn kà, kì í ṣe nọ́ńbà iwájú rẹ̀ nìkan. Wọ́n máa ń kọ orúkọ yìí sára ọ̀pá ìbọn, wọ́n sì máa ń kọ ọ́ sórí páálí ọta. Bí méjèèjì kò bá bára mu délẹ̀délẹ̀, ẹ má ṣe ki ọta náà sínú ìbọn, ẹnikẹ́ni tó wù kó sọ pé ó máa wọ̀ ọ́.

Àwọn ọdẹ wa tí wọ́n ń lo ṣakabùlà mọ̀ pé ọ̀tọ̀ ni ẹ̀tù, ọ̀tọ̀ ni ohun tí ń ṣáná sí i, ọ̀tọ̀ sì ni ọta tí yóò jáde. Ẹnu ìbọn ni wọ́n ti ń da ẹ̀tù sí i, tí wọ́n ó sì fi ọ̀pá kì í mọ́lẹ̀. Ohun tí àwọn òyìnbó ṣe ni pé wọ́n kó gbogbo rẹ̀ sínú ìkarahun idẹ kan ṣoṣo: èròjà tí ń ṣáná wà nídìí, ẹ̀tù wà láàárín, òjé wà lórí. Nínú àwọn ọta ńlá, èròjà tí ń ṣáná yìí dá wà nínú ife kékeré kan ní àárín ìdí ọta, ibẹ̀ sì ni irin ṣóńṣó inú ìbọn ti ń gbá a. Nínú .22 Long Rifle, kò sí ife kankan. Etí ìdí ìkarahun náà ni wọ́n ká po, inú ìkápò yẹn ni wọ́n tẹ́ èròjà ìṣáná sí, etí yìí náà sì ni irin ṣóńṣó ń gbá.

Ibí yìí gan-an ni àṣírí owó pọ́ọ́kú .22 wà. Idẹ rẹ̀ fẹ́lẹ́, ẹ̀tù rẹ̀ kò tó nǹkan, òjé orí rẹ̀ kò ju gíréènì 40 lọ, ìyẹn nǹkan bíi gíráàmù méjì àti ààbọ̀, àwọn ilé iṣẹ́ sì ń ṣe é lọ́pọ̀ yanturu. Àléébù tó wà níbẹ̀ ni pé bí wọ́n bá ti yìn ín, ìkarahun rẹ̀ ti parí iṣẹ́ nìyẹn. Àwọn ọta tí wọ́n ń gbá láàárín ìdí ni èèyàn lè tún ẹ̀tù àti òjé rọ sínú ìkarahun wọn. Àwọn kan ń ṣe bẹ́ẹ̀ nínú ilé láti dín ìnáwó kù, ṣùgbọ́n ẹ̀rọ rẹ̀ nìkan lè gba ọgọ́rọ̀ọ̀rún dọ́là, àṣìṣe níbi wíwọn ẹ̀tù sì lè fọ́ ìbọn mọ́ èèyàn lójú. Kì í ṣe iṣẹ́ ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ ọ.

Ọta kékeré tí kò dàgbà

.22 kì í ṣe ọmọ àná. Ilé iṣẹ́ Smith & Wesson ló gbé baba rẹ̀, .22 Short, jáde ní 1857. Ilé iṣẹ́ J. Stevens sì ṣe .22 Long Rifle ní 1887. Láti ìgbà náà, ọ̀pọ̀ ọta ńlá ti dé tí wọ́n sì ti kọjá lọ, ṣùgbọ́n èyí ṣì wà níbẹ̀. Ẹni tó bá rò pé ohun ìṣeré ọmọdé ni, kó wo ìdíje Òlíńpíìkì: òun ni wọ́n fi ń yin ráífù ní ìdíje mítà 50 títí di òní olónìí.

Àǹfààní rẹ̀ ju ti owó lọ. Ìbọn ńlá máa ń ta èèyàn léjìká, ariwo rẹ̀ sì máa ń bú gbàmù. Kó tó pẹ́, ara yóò ti mọ̀ pé ìyà ń bọ̀, ojú yóò máa dì, ọwọ́ yóò sì máa gbọ̀n kí ọta tó jáde. Ọdún pípẹ́ ni àwọn kan fi ń wá bí wọn yóò ṣe gbàgbé àṣà burúkú yìí. .22 kì í ta èèyàn léjìká. Ẹni tó bá fi í kọ́ bí a ṣe ń mí, bí a ṣe ń fi sùúrù fà á, àti bí a ṣe ń tẹjú mọ́ àmì títí ọta yóò fi jáde tán, yóò rí i pé ẹ̀kọ́ náà bá òun dé ìdí ìbọn èyíkéyìí.

Ní yáàdì 50, ìbọn .22 tó dára lè kó ọta márùn-ún jọ sójú kan tí owó ẹyọ dọ́là kan yóò fi bò wọ́n mọ́lẹ̀. Ní yáàdì 100, iṣẹ́ ti dé nìyẹn. Bí èèyàn bá tún ojú ìbọn ṣe fún yáàdì 50, ọta náà yóò ti lọ sílẹ̀ ní bíi ínṣì mẹ́fà sí méje kó tó dé 100, afẹ́fẹ́ yóò sì máa tì í sọ́tùn-ún sósì. Ẹ̀kọ́ tí àwọn ọlọ́ta ńlá ń wá lọ sí yáàdì 500 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, ẹni tó ní .22 lè rí púpọ̀ kọ́ nínú rẹ̀ ní 100, pẹ̀lú owó táṣẹ́rẹ́.

Ní ti ìbọn fúnra rẹ̀, a kò ní í pẹ́ lórí rẹ̀. Ruger 10/22, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í tà ní 1964, ni ọ̀pọ̀ èèyàn fi ń bẹ̀rẹ̀. Òun fúnra rẹ̀ ló ń fa ọta tuntun wọlé lẹ́yìn tí wọ́n bá yìn ín tán. Savage Mark II àti CZ 457 ń fẹ́ kí èèyàn fi ọwọ́ fa ọta kọ̀ọ̀kan wọlé. Èrò tiwa ni pé èyí tí wọ́n ń fọwọ́ fà sàn fún ẹni tó ń ṣọ́ owó, nítorí kì í jẹ́ kí èèyàn máa da ọta nù bí ẹni ń da àgbàdo fún adìyẹ.

Èwo nínú ọta .22?

Ẹni tó bá dé ìsọ̀ yóò rí i pé ọta .22 pọ̀ lóríṣiríṣi, láti páálí alámọ́jù tó ní 500 ọta nínú títí dé àpótí pẹlẹbẹ aláàádọ́ta tí wọ́n dì bíi góòlù. Ìyára ló kọ́kọ́ pín wọn níyà. Èyí tó pọ̀ jù, tí owó rẹ̀ sì kéré jù, máa ń sáré tó ẹsẹ̀ bàtà 1,200 sí 1,300 láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Èyí tó tẹ̀ lé e rọra ń bọ̀, bíi CCI Standard Velocity tó ń sáré 1,070. Àwọn ọta ìdíje gidi, bíi ti Eley ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, Lapua ilẹ̀ Finland àti SK ilẹ̀ Jámánì, kì í sáré púpọ̀ bákan náà.

Ọ̀pọ̀ ń rò pé èyí tó ń sáré jù ló máa dára jù. Bẹ́ẹ̀ kọ́. Nǹkan bíi ẹsẹ̀ bàtà 1,125 ni ohùn ń rìn láàrin ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ọta .22 tó bá kúrò lẹ́nu ìbọn pẹ̀lú ìyára tó ju ti ohùn lọ máa ń bá atẹ́gùn jà gidigidi, kì í sì í pẹ́ tí ìyára náà fi máa ń já wálẹ̀, tí ọta yóò sì máa mì bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ kọjá ibi tí ìyára ohùn wà. Nítorí náà ni afẹ́fẹ́ ẹ̀gbẹ́ ṣe ń ti ọta tó ń sáré jìnnà sí àmì ju èyí tó rọra ń lọ. Ohun tí a sọ yìí máa ń ya àwọn ọlọ́ta ńlá lẹ́nu, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni tó bá gbé méjèèjì lọ sí pápá lọ́jọ́ tí afẹ́fẹ́ ń fẹ́ yóò fojú ara rẹ̀ rí i.

Àmọ́ ṣá o, páálí owó pọ́ọ́kú ní ìlò tirẹ̀. Bó bá jẹ́ pé agolo lẹ fẹ́ máa yìn lulẹ̀, tàbí ẹ̀ ń kọ́ ọmọ bí wọ́n ṣe ń di ìbọn mú, kí lẹ fẹ́ fi ọta olówó gọbọi ṣe? Bákan náà, àwọn ìbọn tó ń fa ọta wọlé fúnra wọn lè má fẹ́ràn ọta tó rọra ń lọ, torí agbára ọta náà ló ń ti ẹ̀rọ wọn padà. Ìṣòro ọta alámọ́jù ni pé ìyára wọn kì í dọ́gba láti ẹyọ kan sí èkejì, àwọn mìíràn nínú wọn kì í sì í dún rárá. Bí ẹ bá fà á tí kò dún, ẹ di ìbọn náà mú kí ẹnu rẹ̀ máa kọjú sí ibi àmì fún odidi ìṣẹ́jú-àáyá 30 kí ẹ tó ṣí i, nítorí ẹ̀tù lè pẹ́ kó tó gbiná. Bó bá sì dún ní ohùn tó lọ sílẹ̀ ju ti tẹ́lẹ̀ lọ, ẹ má yin òmíràn tẹ̀ lé e. Ẹ tú ọta kúrò, kí ẹ sì yẹ ọ̀pá wò bóyá òjé ti há síbẹ̀.

Fún ẹni tó fẹ́ kí ọta máa bà síbi tó fẹ́, ọta tó rọra ń lọ, tó wà ní nǹkan bíi sẹ́ǹtì 10 sí 15, ni a rò pé owó àti iṣẹ́ rẹ̀ bára mu jù. Ti ìdíje gidi lè wọ́n tó ìlọ́po mẹ́ta rẹ̀, ẹni tí ọwọ́ rẹ̀ kò sì tíì dá ṣáṣá kò ní í rí ìyàtọ̀ náà lójú páálí.

Kò sì sí ẹni tó lè bá yín yan ọta tí ìbọn yín fẹ́ràn. Ìbọn méjì tí wọ́n jáde láti ilé iṣẹ́ kan náà lọ́jọ́ kan náà lè kọ ọta ara wọn. Ọ̀nà àbáyọ kan ṣoṣo ni kí ẹ dán an wò. Ẹ ra páálí aláàádọ́ta kọ̀ọ̀kan ní oríṣi mẹ́rin tàbí márùn-ún. Ẹ gbé ìbọn lé àpò iyanrìn lórí tábìlì, kí ó má ṣe jẹ́ pé ọwọ́ yín lẹ ń dán wò. Ọ̀rá tí ilé iṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fi ń pa ọta wọn kì í ṣe ọ̀kan náà, nítorí náà, bí ẹ bá ti pààrọ̀ ọta, ẹ kọ́kọ́ yin mẹ́wàá dànù kí ọ̀pá ìbọn lè mọ́ ọ̀rá tuntun lára. Lẹ́yìn èyí, ẹ yin márùn-ún márùn-ún lẹ́ẹ̀marùn-ún sí àmì márùn-ún, kí ẹ wọn bí ihò wọn ṣe jìnnà síra, kí ẹ sì pín in sọ́nà márùn-ún. Ẹ má ṣe tìtorí ẹ̀ẹ̀kan tó kó jọ dáadáa sọ pé ẹ ti rí i. Orí ìre lásán lè ṣe ìyẹn. Èyí tó bá borí, ẹ wo nọ́ńbà ìpèsè tí wọ́n tẹ̀ sára páálí rẹ̀, kí ẹ sì padà lọ ra èyí tó bá ní nọ́ńbà kan náà, torí ìpèsè ọ̀tọ̀ lè hùwà ọ̀tọ̀.

Bí .22 kò bá tó mọ́

Bí èèyàn bá fẹ́ kọjá yáàdì 200, .223 Remington ló kàn. Òun ló dín owó jù láàrin àwọn ọta ńlá tó wọ́pọ̀, ó sì ṣe é rà níbi gbogbo. Ohun méjì ló yẹ kéèyàn mọ̀ níbẹ̀. Èkíní ni pé ọta 5.56 tí àwọn ọmọ ogun ń lò jọ ọ́ bí ìbejì, ṣùgbọ́n agbára inú rẹ̀ lè ju èyí tí ìbọn tí wọ́n kọ .223 nìkan sí lára lè gbà. Ìbọn 5.56 lè jẹ .223, ẹ má ṣe fi 5.56 sínú ti .223. Èkejì ni pé inú ọ̀pá ìbọn ní ilà tó lọ́ bíi ti ìdè, òun ló ń mú kí ọta máa pòyì kó má bàa ta gẹ́gẹ́. Bí wọ́n bá kọ 1:12 sára ọ̀pá, ó túmọ̀ sí pé ọta yóò yí po lẹ́ẹ̀kan láàrin ínṣì 12. Irú èyí fẹ́ ọta fífúyẹ́ bíi gíréènì 55. Èyí tí wọ́n kọ 1:8 tàbí 1:7 sí ló lè gbé gíréènì 77 dúró. Ẹni tó bá ra ọta ìdíje gíréènì 77 fún ọ̀pá 1:12, owó rẹ̀ ti gbé.

Ní ti .308, tó dé ọjà ní 1952, àti 6.5 Creedmoor tí Hornady gbé jáde ní 2007, ọta rere ni wọ́n fún ọ̀nà jíjìn. Ẹni tí owó kì í ṣe ìṣòro fún ni wọ́n yẹ.

Ọ̀pọ̀ ló kó sí páńpẹ́ ọta tó fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ ọ̀fẹ́ nígbà kan. Ráífù Mosin-Nagant ilẹ̀ Rọ́ṣíà, tí wọ́n ṣẹ̀dá ní 1891, àti ọta rẹ̀ tí àwọn ọmọ ogun kó pamọ́ látijọ́, kò wọ́n rárá fún ọdún pípẹ́. Ṣùgbọ́n èròjà ìṣáná inú púpọ̀ nínú àwọn ọta wọ̀nyẹn máa ń fi iyọ̀ sílẹ̀ nínú ọ̀pá, iyọ̀ náà a sì máa fa omi láti inú afẹ́fẹ́. Ẹni tí kò bá fi omi fọ ìbọn rẹ̀ kó tó fi epo pa á lọ́jọ́ náà gan-an, ìpẹtà ni yóò bá nínú rẹ̀. Lẹ́yìn náà ni ìjọba Amẹ́ríkà kéde ní oṣù Kẹjọ 2021 pé wọn kò ní í fọwọ́ sí ìwé àṣẹ tuntun mọ́ fún kíkó ọta wọlé láti Rọ́ṣíà. Ọta oníkarahun irin tí ọ̀pọ̀ gbójú lé, pàápàá 7.62 × 39 tí ìbọn AK ń jẹ, kúrò ní ọjà owó pọ́ọ́kú. Ìbọn wọn wà nílé, koríko rẹ̀ ti wọ́n.

Bákan náà, ọ̀pọ̀ pápá abẹ́lé ni wọ́n máa ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yẹ ọta oníbàárà wò lẹ́nu ọ̀nà. Bí ó bá lẹ̀ mọ́ ọn, irin wà nínú rẹ̀, wọn kò ní í gbà á, torí ó ń ba ògiri ẹ̀yìn àmì jẹ́. Ẹ béèrè òfin pápá yín kí ẹ tó ra ẹgbẹ̀rún kan.

.22 náà ti wọ́n rí o. Lẹ́yìn tí apànìyàn kan pa ọmọdé 20 àti àgbàlagbà 6 ní ilé-ẹ̀kọ́ Sandy Hook ní oṣù Kejìlá 2012, àwọn èèyàn ń bẹ̀rù pé òfin tuntun ń bọ̀, wọ́n sì gbá ọta kúrò lórí pẹpẹ ìsọ̀ káàkiri Amẹ́ríkà. Fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn rẹ̀, .22 di ohun tí wọ́n ń tò fún láàárọ̀. Irú rẹ̀ tún ṣẹlẹ̀ nígbà àjàkálẹ̀ àrùn Kòrónà ní 2020. Ẹni tó ní èyí tí yóò lò fún oṣù mẹ́fà nílé kò ní í bá wọn du ọjà nígbà tí gbogbo ayé bá ń sáré, bẹ́ẹ̀ ni kò ní í sọ ilé rẹ̀ di ilé ẹ̀tù.

Ta ni òfin gbà láyè?

Ọ̀rọ̀ yìí ló ṣe pàtàkì jù fún àwọn èèyàn wa. Òfin ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà kò gba ẹni tó wọlé pẹ̀lú físà onígbà díẹ̀, yálà ti akẹ́kọ̀ọ́, ti òṣìṣẹ́ tàbí ti àbẹ̀wò, láyè láti ní ìbọn tàbí ọta níkàáwọ́, àyàfi bó bá bọ́ sínú àwọn àyè díẹ̀ tí òfin yọ sílẹ̀, bíi kó ní ìwé àṣẹ ọdẹ tó ṣì lágbára. Ọta ẹyọ kan ṣoṣo wà nínú ohun tí òfin náà ń sọ. Láti 2022, ẹ̀wọ̀n rẹ̀ lè tó ọdún 15, ó sì lè jẹ́ kí wọ́n lé èèyàn padà sílé. Ẹni tó ní káàdì gbélé-gbé, tí wọ́n ń pè ní gírín káàdì, lè rà á, bí òfin ìpínlẹ̀ rẹ̀ bá fọwọ́ sí i. Yóò kọ ọ̀rọ̀ sínú fọ́ọ̀mù 4473, wọn yóò sì yẹ àkọsílẹ̀ rẹ̀ wò kí wọ́n tó gbé ìbọn fún un.

Níbí ni ẹ̀gbọ́n ti máa ń kó ara rẹ̀ sí wàhálà nítorí àbúrò. Ẹ̀gbọ́n ní káàdì, àbúrò wà lórí físà akẹ́kọ̀ọ́, ó kó owó fún ẹ̀gbọ́n pé kó bá òun rà á lórúkọ rẹ̀. Ọ̀ràn ńlá ni ìyẹn lábẹ́ òfin ìjọba àpapọ̀, àwọn méjèèjì ni yóò sì kàn. Ẹni tí físà kò bá gbà láyè lè béèrè nípa ráífù afẹ́fẹ́ mìlímítà 4.5. Òfin ìjọba àpapọ̀ kò ka ìyẹn sí ìbọn, ọta rẹ̀ kò ju sẹ́ǹtì díẹ̀ lọ, wọ́n sì ń fi í ṣe ìdíje mítà 10 ní Òlíńpíìkì. Àwọn ìpínlẹ̀ kan bíi New Jersey kà á sí ìbọn ṣá o, torí náà ẹ bi agbẹjọ́rò kí ẹ tó fọwọ́ kan ohunkóhun.

Ní Ìlú Ọba, ọ̀tọ̀ ni ti wọn. Ọlọ́pàá ló ń fún èèyàn ní ìwé àṣẹ ráífù, wọ́n sì máa ń kọ iye ọta tí onítọ̀hún lè rà àti iye tó lè fi pamọ́ sínú rẹ̀. Ọ̀nà tó rọrùn jù ni láti wọ ẹgbẹ́ ayìnbọn tí ìjọba fọwọ́ sí, kí èèyàn sì lo ó kéré tán oṣù mẹ́ta gẹ́gẹ́ bí ọmọ ẹgbẹ́ onídánwò; .22 ni ọ̀pọ̀ nínú wọn fi ń kọ́ni. Ráífù afẹ́fẹ́ tí agbára rẹ̀ kò pọ̀ kò gba ìwé ní England àti Wales, ṣùgbọ́n láti ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 2016 ló ti ń gba ìwé ní Scotland.

Ẹ má sì rò pé ẹ lè kó o bọ̀ wálé. Òfin ìbọn ilẹ̀ Nàìjíríà, tí wọ́n ṣe ní 1959, ka ráífù ológun tí kálíbà rẹ̀ jẹ́ mìlímítà 7.62 tàbí 9, àti .300 tàbí .303, mọ́ ohun tí aráàlú kò gbọdọ̀ ní. Àwọn ráífù eré ìdárayá yòókù àti ìbọn afẹ́fẹ́ ń gba ìwé àṣẹ ọ̀gá àgbà ọlọ́pàá.

Nítorí òjé orí .22, ẹ má jẹun ní pápá, ẹ fi ọṣẹ àti omi tútù wẹ ọwọ́ àti ojú kí ẹ tó kúrò níbẹ̀, kí ẹ sì fọ aṣọ tí ẹ wọ̀ lọ lọ́tọ̀ sí ti àwọn ọmọ. Òjé yìí náà ló wà nínú eruku ìwakùsà tó pa ọgọ́rọ̀ọ̀rún ọmọdé ní Zamfara ní 2010. Ẹ fi ohun ìdíwọ̀ sí etí, ẹ lo awò ojú, kí ẹ sì rántí pé ọta .22 kan lè rìn ju máìlì kan lọ bí kò bá sí òkìtì lẹ́yìn àmì.

Àpò tí ẹ fi ń gbé ọta lọ sí pápá, ẹ má ṣe fi í rìnrìn àjò láéláé. Ní 2024, wọ́n mú àwọn ará Amẹ́ríkà bíi mélòó kan ní erékùṣù Turks and Caicos nítorí ọta díẹ̀ tí wọ́n gbàgbé sínú ẹrù wọn, nígbà tí òfin ibẹ̀ ní kí ẹ̀wọ̀n rẹ̀ má dín ní ọdún 12. Ẹ ra àpò kan tó jẹ́ ti pápá nìkan, kí àwọ̀ rẹ̀ yàtọ̀ sí ti gbogbo àpò tó kù nílé, kí ẹ sì máa tì í mọ́ inú àpótí pẹ̀lú ìbọn.